Fùláàsì Mi Lọ́wọ́ Alágbòjò Pupa

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Èbúté.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn yín tó máa ń fa irùngbọ̀n mi nígbà tí ẹ ṣì wà níbí? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, àbí o ṣì ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè lókè? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà.

Àwa náà ń bẹ. Ọmọ mi obìnrin ti wọ ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Òrùlé tó ń jò sórí ibùsùn wa ti dákẹ́, lẹ́yìn tí mo gun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkàn mi nìkan ni kò tíì dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, inú bí mi. O ní àǹtí ìyàwó rẹ ń bá ọkọ̀ ìgbafẹ́ bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé wákàtí mẹ́jọ péré ni ọkọ̀ náà máa lò ní èbúté wa, pé màmá náà kì í fẹ́ náwó ní ìnákúnàá, kí n wá ọ̀nà tó máa fi dé àárín ìlú láìjẹ́ pé àwọn onítákísí fá a lórí. Jẹ́jẹ́! Èmi lo ń bi? Èmi tí mo ti ń gbé èrò ní ẹnubodè èbúté yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí ìwọ gan-an sì bá mi tò sórí ìlà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá? Ìyẹn dà bí ìgbà tí èèyàn bá lọ bi apẹja léèrè ọ̀nà tí ẹja lè gbà sá lọ.

Màá dá ọ lóhùn ṣá. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà ni pé mo ń jowú. Mo kọ ọ́ gbangba kí o má baà ní mo ń fi bọpobọyọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ń jowú, èmi tí orí mi ti funfun, tí mo ti ní eyín àtọwọ́dá méjì.

O ò mọ Alágbòjò. Ẹ̀yìn ìgbà tí o kó lọ ló dé ẹnubodè. Akólẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń tiro díẹ̀ tí ọjọ́ bá tutù. Ogójì ọdún ló fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà nílùú yìí, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ gúnlẹ̀, a ṣàdédé rí i ní ẹnubodè. Òjò kò rọ̀, òòrùn kò mú, ó ṣí agbòjò pupa kan sórí, ó sì fi pátákó kékeré kọ́rùn: Ẹ TẸ̀LÉ MI LỌ SÍ IBI BỌ́Ọ̀SÌ. A fi í rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wa.

Ọ̀nà tó ń mú wọn gbà kò le. Tí wọ́n bá jáde, wọn ò ní yà sọ́tùn-ún tí àwa onítákísí tò sí. Òsì ni wọ́n máa yà, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, wọ́n á sọdá afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti dé ibi tí bọ́ọ̀sì onínọ́ńbà mẹ́rin ti ń gbéra. Iye tí ẹnì kan ń san fún mi lálọ nìkan, èèyàn mẹ́rin á fi wọ bọ́ọ̀sì náà lọ, wọ́n á fi bọ̀, wọ́n á tún fi ra búrẹ́dì. Òun fúnra rẹ̀ kì í dá iye. Tó bá ti dá wọn padà, ó kàn máa dorí agbòjò kodò, kí kálukú fi ohun tó bá wù ú sí i. Àwọn èrò ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara wọn lórí fóònù. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ báyìí, wọ́n ti ń ti orí ọkọ̀ nàgà, wọ́n ń wá agbòjò pupa.

Èmi sì rèé, Àkọ́dé, tí mo ń dé ẹnubodè kí ilẹ̀ tó mọ́. O rántí òfin ìlà wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á gbé fìlà rẹ̀ lé orí mọ́tò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé èrò ṣáájú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, fìlà mi ló ń wà lókè. Ní báyìí, fìlà wà lókè, èrò ń kọjá lápá òsì.

Tó bá jẹ́ ti èrò nìkan ni, ǹ bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì onínọ́ńbà mẹ́rin, nínú yàrá kótópó onígíláàsì yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni Alágbòjò ń kó wọn lọ. Ló bá di pé a ò lè jẹun alẹ́ kí n má gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá Alágbòjò sọ báyìí. Bàbá Alágbòjò ṣe báyìí. Bàbá Alágbòjò kò ní fóònù o, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí òun ti rù kiri láyé òun ti tó. Á sọ ìyẹn tán, á fi ọwọ́ gbá orí tábìlì, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi á ní kí ó jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn, màá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Jẹ́jẹ́, mi ò rántí ìgbà tí mo mú obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí. Mo kúrò lórí ìlà. Mo yá fìlà ńlá kan tó bò mí lójú lọ́wọ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, mo sì ń tọ agbòjò pupa náà lẹ́yìn bí olè. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníkọ́kọ́rọ́. Kí ni mo rí? Ìyàwó mi gbé àga síta fún un. Alágbòjò jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu tíì. Mo wo ohun tó fi ń mu ún dáadáa. Fùláàsì mi ni! Aláwọ̀ búlúù yẹn, tí ìdérí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a rà lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, tí ìwọ gan-an ti mu nínú rẹ̀ láìníye. Ìyàwó mi dúró tì í, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi gbóná ju tíì náà lọ.

Nígbà tí mo délé, mo fẹ́ fọgbọ́n ṣe é. Mo ní, “Fùláàsì mi dà o?” Kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́. Ó ní, “Èwo? Ṣé èyí tí ẹ ní kí n má gbé wá fún yín mọ́?” Òótọ́ ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo sọ fún un pé awakọ̀ tó bá ń mu tíì ilé ní ẹnubodè, èrò á rò pé kò ríṣẹ́ ṣe, pé kí ó yéé gbé e wá bá mi láàárọ̀. Mo gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Òun kò gbàgbé.

Bí mo ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. Ọkọ̀ ńlá funfun kan gúnlẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Màmá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kọ́kọ́ wá bá mi, ó béèrè iye. Mo sọ iye. Ó wò mí bí ẹni pé mọ́tò náà ni mo ní kó rà. Bó ṣe gbé ọwọ́ sókè láti dúpẹ́, mo rí aago ọwọ́ rẹ̀: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo aago inú mọ́tò mi: aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ti yé ọ. Ọkọ̀ tó bá ti ibi tí aago wọn fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa wá, tí kò ní ju ọjọ́ kan lọ lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá ọkọ̀ kì í yí aago padà. Aago inú ọkọ̀ ni wọ́n á fi ṣí. Ṣùgbọ́n fóònù àwọn èrò á ti yí ara rẹ̀ sí aago ìlú láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa wò ó, ọkàn wọn á balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ àti èmi fi máa ń bi èrò pé aago mélòó ló lù nínú ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó jókòó. Alágbòjò kò mọ ìyẹn; irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì wá láti ìgbà tó ti dé ẹnubodè. Mo gbọ́ tó ń kígbe fún wọn pé ọkọ̀ yín máa ṣí ní aago mẹ́rin, mo máa dá yín padà ní aago mẹ́ta ààbọ̀, kí ẹ fi aago yín ṣe déédéé pẹ̀lú tèmi. Màmá aláṣọ ewé wo aago rẹ̀, ó wo fóònù ẹni tó dúró tì í, ó mi orí, ó sì yí aago náà sẹ́yìn ní wákàtí kan níṣojú mi kòrókòró.

Aago mẹ́rin inú ọkọ̀, aago mẹ́ta ìlú ni. Nígbà tí Alágbòjò bá fi máa kó wọn dé, ọkọ̀ á ti lọ láti ìdajì wákàtí.

Mo la ẹnu, Jẹ́jẹ́. Ọlọ́run rí mi, mo la ẹnu láti sọ ọ́. Nígbà náà ni Alágbòjò fa fùláàsì mi yọ nínú àpò, ó mu tíì díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo pa ẹnu dé. Mo ní kó lọ. Kó lọ rí i. Èèyàn méjìlélógún ló tẹ̀lé agbòjò náà lọ, inú mi sì ń dùn. Mo ti ń rò ó bí ìyàwó mi ṣe máa gbọ́ pé Bàbá Alágbòjò tó mọ gbogbo ọ̀nà mú kí ọkọ̀ fi èèyàn méjìlélógún sílẹ̀ lọ. Mo ti ń rò ó bí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ṣe máa parọ́rọ́.

Mo jókòó sínú mọ́tò, fìlà wà lókè, èrò kankan kò wá. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà létí ẹnubodè, ó gbé kóòtù obìnrin kan lé itan. Kóòtù náà bá aṣọ màmá aláṣọ ewé mu. Mo kí i. Ó ní ìyàwó òun ló bá àwọn yòókù lọ wo ìlú, òun ń dúró dè é, torí afẹ́fẹ́ ti ń tutù. Mo bi í léèrè bóyá kò dùn ún pé ìyàwó rẹ̀ ń gbádùn kiri láìsí i. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ò lè lọ mọ́. Tó bá dé, á sọ gbogbo ẹ̀ fún mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojú ẹ̀ ni mo fi ń wo ayé báyìí.”

Ohun tó sọ náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ń fi ọwọ́ gbọn eruku lára kóòtù. Mo rántí tẹlifíṣọ̀n tí mo máa ń yí sókè. Mo wo aago: aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo fò sílẹ̀. Mo sọ fún àwọn ará ìlà pé mo nílò mọ́tò márùn-ún, pé a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Mo bá mú fìlà mi kúrò lókè mọ́tò, mo ní ẹni tó bá tẹ̀lé mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá máa tò sí fún oṣù kan gbáko. Ẹ̀rín dá. Wọ́n mọ̀ pé èmi kì í fi fìlà yẹn ṣeré. Márùn-ún ló tanná sí mọ́tò.

Alágbòjò kò kúkú ní fóònù, mi ò sì mọ ibi tó ń kó wọn lọ. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Mo já sí ẹnu yàrá onígíláàsì, mo sọ ọ́ fún un lẹ́sẹ̀ kan pé aago ọkọ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sí iwájú mọ́tò, ó ní tó bá ti di aago méjì, ọgbà òdòdó tó wà níwájú ilé ìkàwé ni wọ́n máa ń sinmi sí. Ibẹ̀ la bá wọn lóòótọ́, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ti bọ́ bàtà. O yẹ kí o rí bí wọ́n ṣe ń wá bàtà kiri! Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n wọ mọ́tò àwọn márùn-ún yẹn. Màmá aláṣọ ewé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àti Alágbòjò fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀yìn mọ́tò tèmi, agbòjò láàárín ẹsẹ̀ wọn.

A ò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó mi fi béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló sọ fún mi pé aago ọkọ̀ yàtọ̀. Mo ti fẹ́ ṣe akọni. Mo ní, “Ta ló máa sọ fún mi? Ara aago màmá yìí ni mo ti rí i.” Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ìyàwó mi yíjú sẹ́yìn, ó wo aago màmá náà. Aago ìlú ló wà níbẹ̀. Màmá náà ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó na ọwọ́, ó ní, “Mo ti yí i padà o. Àárọ̀ ni mo ti yí i, ní ẹnubodè, kí a tó gbéra.” Ìyàwó mi kọjú síwájú. Alágbòjò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò rò pé ọ̀nà yẹn gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A bá ọkọ̀ náà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n ti ń tú okùn, fèrè ọkọ̀ ti dún lẹ́ẹ̀mejì, bàbá arúgbó yẹn ti dìde dúró, ó na kóòtù síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi dá ọkọ̀ dúró. Màmá náà wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kí apá rẹ̀ kejì tó wọlé. Gbogbo èrò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ní kí n dúró kí òun ya fọ́tò mi, mo yíjú sápá kan. Alágbòjò ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fùláàsì fún mi, ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, Àkọ́dé. Ẹ bá mi gbé e padà sílé. Tíì yín dáa.” Ó ṣí agbòjò rẹ̀, ó ń tiro lọ. Jẹ́jẹ́, tó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, ì bá dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó mi kò fi bá mi sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, èmi fúnra mi ni mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ṣọ́ọ̀bù oníkọ́kọ́rọ́ títí dé orí aago. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Tèmi mì, ó sì dà sílẹ̀ pátápátá. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Kì í ṣe pé ẹ jowú ló dùn mí. Ẹ wo ìyá arúgbó tó ń yí aago ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ wá dákẹ́.” Ó dìde, ó ń palẹ̀ abọ́ mọ́, ó ní ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé èmi ni kí n lọ máa sọ aago ọkọ̀ fún Alágbòjò kó tó kó èrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ń wọ bàtà lọ́wọ́ nígbà tó gbé fùláàsì búlúù yẹn lé mi lọ́wọ́, ó gbóná, ó kún. Ọdún méjì, Jẹ́jẹ́! Mo yọ̀ débi pé mo gbàgbé láti de okùn bàtà mi kejì. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò bí ọmọ tuntun. Nígbà tí mo dé ẹnubodè, tí mo tú àpò rẹ̀, ife méjì ló wà níbẹ̀.

Mo kó ife méjèèjì dání. Mo rìn kọjá lójú gbogbo àwọn ará ìlà, tí wọ́n ń pè mí ní Àkẹ́yìndé báyìí, mo lọ bá Alágbòjò, mo da tirẹ̀ fún un kí n tó da tèmi.

Nítorí náà, ìdáhùn rẹ rèé. Sọ fún àǹtí ìyàwó rẹ kó má wọ tákísí. Kó yà sósì, kó wá agbòjò pupa. Á rí ọkùnrin kan tó le ojú koko, tó ń da tíì fún alágbòjò náà. Kí ó má bẹ̀rù ojú rẹ̀. Kí ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí i kí ó tó ṣe ohunkóhun, ọkùnrin náà kò ní dákẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá bi ọ́ bóyá ara mi ti balẹ̀, má purọ́ fún un. Mo ṣì ń jowú. Ìdajì fùláàsì ni mo rí gbà padà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún un pé ìyàwó mi ń retí lẹ́tà rẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o fa irùngbọ̀n ara rẹ fún àbígbẹ̀yìn lórúkọ mi. Tí ìyàwó rẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bí o ṣe ń ka lẹ́tà yìí, gbé lẹ́tà sílẹ̀ ná.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ti kúrò níwájú ìlà,
                                        Àkọ́dé.